Ẹyin Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Tó Ń Làágùn

Àpótí náà wà níbi tó yẹ kó wà. Ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹyin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni kò sí mọ́.

Afarabalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí náà, orúnkún rẹ̀ dún, ó sì wo inú rẹ̀ pẹ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn, nítorí kì í sáré, kì í pariwo, kò sì gbá ẹnikẹ́ni létí rí láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá rẹ̀, tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ orí, pè é wọ inú ọ́fíìsì.

"Bàbá, wọ́n jí ẹyin."

"Ẹyin adìyẹ?"

"Ẹyin alágẹmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹranko tí òfin dáàbò bò ni, obìnrin náà sì ní ìwé àṣẹ láti máa sìn wọ́n nínú ilé. A gbọ́dọ̀ rán ẹnì kan."

Àwọn tó wà níta ti gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ bá wa mú mẹ́rin bọ̀, epo ti gbóná." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Afarabalẹ̀ gbé fìlà rẹ̀, kò bínú. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kì í fún un ní ẹjọ́ tó le mọ́. Àwọn ń pè é ní àánú. Òun kò pè é ní nǹkan kan, ó ṣáà ń rẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé o rí nǹkan?" Màmá Agbẹ̀bí, ẹni tó ni àpótí náà, béèrè láti orí àga rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn alágẹmọ nínú yàrá yìí. Tíṣà ti lọ láti oṣù kẹta. Oṣù kọkànlá ni wọ́n wà yìí. Màmá kò jẹ́ kí nǹkan kan yẹ̀ nínú yàrá náà: igi kéékèèké nínú ìkòkò, iná tó ń fúnni ní ooru, àgò onínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lórí ìlà, páálí sì dúró láàárín ọ̀kan sí èkejì kí àwọn ẹran náà má baà máa rí ara wọn.

"Bí wọ́n bá ń rí ara wọn lójoojúmọ́, àyà wọn kì í balẹ̀," ni Màmá sọ. "Wọn á ṣíwọ́ oúnjẹ. Tíṣà máa ń sọ pé ẹni tí kò bá ní àyè kó má sìn wọ́n."

"Ẹyin wọ̀nyí ńkọ́, Màmá? Kí ni wọ́n jẹ́ fún yín?"

Ó na ọwọ́ sí àgò kẹrin. "Arúgbó nìyẹn. Tíṣà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ. Ó ti dàgbà, kò tún lè bímọ mọ́. Èyí tó wà ní àgò kejì ni Ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo jẹ́ kó yé ẹyin láti ìgbà tó ti wà níbí, nítorí ẹyin máa ń jẹ egungun abo. Àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yìí ni ìgbẹ̀yìn. Lẹ́yìn wọn, kò sí nǹkan tó ti ọwọ́ Tíṣà wá tó tún máa mí nínú ilé yìí mọ́."

"Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti wà nínú àpótí?"

"Ó ń lọ sí oṣù mẹ́jọ. Lánàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn."

"Ẹyin ń làágùn?"

"Omi tíntìntín ni, á máa yọ lára èèpo bó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì kí wọ́n bẹ́. Mo fi ìka kàn wọ́n láàárọ̀ àná, mo mọ̀. Ọmọ mi, bí wọn ò bá sí nínú ọ̀rinrin títí di ọ̀la, inú èèpo ni wọ́n máa kú sí."

Afarabalẹ̀ tún wo inú àpótí. Èérún òkúta rírọ̀ tó ń mu omi ló wà níbẹ̀, ó ṣì tutù. Ojú ibi tí ẹyin kọ̀ọ̀kan sùn sí wà níbẹ̀ láìbàjẹ́, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bí ojú ibi tí orí ẹnì kan ti dìde kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó mọ irú ojú ibi bẹ́ẹ̀. Ó gbé ojú kúrò.

"Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀ bí mo bá rí wọn?"

"Mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí wọ́n yé e. A kì í yí ẹyin alágẹmọ. Bí ó bá dojú dé, ọmọ inú rẹ̀ lè rì. Àmì yẹn ló ń sọ fún mi pé òkè ṣì ni òkè."

"Ta ló mọ̀ pé wọ́n wà níbí?"

"Ọmọ mi obìnrin. Télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ tó ń bú mi. Ọlọ́sìn tó ń ta ẹran ọ̀sìn, tó ń bẹ̀ mí kí n ta àwọn ọmọ náà fún òun kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta. Mo kọ̀ fún un. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó níbi àtẹ̀gùn, gbogbo ilé ló mọ̀. Mo lọ wo ojú mi ní ilé ìwòsàn lọ́sàn-án àná. Kurukuru ti bò ó, wọ́n ní àwọn máa ṣí i lọ́dún tó ń bọ̀. Àárọ̀ yìí ni mo tó fọwọ́ kan inú àpótí."

Ilẹ̀kùn yàrá kejì ṣí. Ọmọbìnrin kan tó tó ọdún márùndínlógójì yọ, ó wọ aṣọ funfun àwọn apòògùn, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Àǹtí Olóògùn ni wọ́n ń pè é ládùúgbò.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Màmá, mo ti pẹ́."

"Jẹun kí o tó lọ."

"Mi ò lè jẹun."

Ó sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni ru omi tó kún. Fún ẹni tó ti pẹ́, ìrìn náà lọ́ra jù. Afarabalẹ̀ rí i, ó sì fi í pamọ́ sí ọkàn.

*

Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi píìnì mẹ́ta há ẹnu.

"Èmi? Kí n fi ọwọ́ mi yìí kan ẹyin nǹkan yẹn?"

"Wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ máa da omi gbígbóná lé wọn lórí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún sọ pé mo máa fẹ́ ìyàwó kejì. Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ bi ìyàwó mi bóyá mo ṣe é."

Ohùn obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn aṣọ títa: "Dán an wò!"

"Ṣé ẹ gbọ́? Ẹnu lásán ni mo ní."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé mi gòkè, kí ẹ fi ibi tí wọ́n máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ sí hàn mí."

Télọ̀ dìde pẹ̀lú ìgboyà. Ní àtẹ̀gùn kẹta, ó dúró. Ní ìkẹrin, ó di ògiri mú. Òógùn ti bò ó níwájú orí. "Ọ̀gá, ojú wọn yẹn. Ọ̀kan ń wò mí, èkejì ń wo ibòmíràn. Irú ìwò wo nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọmọ."

Ẹni tí kò lè kọjá àtẹ̀gùn kẹrin kò lè wọlé lọ ṣa ẹyin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Afarabalẹ̀ fi ọwọ́ bà á léjìká. "Ó tó. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ara Télọ̀ padà bọ̀ sípò nígbà tó dé ìsàlẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan o. Ọlọ́sìn wá lọ́sàn-án àná, nígbà tí Màmá jáde. Ó gbé kúlà dání. Ó gòkè, ó tún sọ̀kalẹ̀, kúlà náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí n wí bí ó ṣe rí."

*

Ṣọ́ọ̀bù Ọlọ́sìn ń rùn: oúnjẹ ajá, ìyẹ́ ẹyẹ, omi ẹja. Afarabalẹ̀ rí alágẹmọ mẹ́ta nínú àgò kan ṣoṣo, tí wọ́n ti dúdú bí èédú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ara rẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Abọ́ omi wà nísàlẹ̀, kò sí èyí tó wò ó. Kúlà wà lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ ṣí i," Afarabalẹ̀ wí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ná."

"Ẹ ṣí i ná."

Ẹyin funfun ló wà nínú yanrìn tútù. Afarabalẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi awò sójú, ó wá àmì pẹ́ńsùlù, kò rí i. Ó ka wọ́n: méje. Wọ́n sì tóbi, wọ́n rí rogodo.

"Ẹyin ahun ni," Ọlọ́sìn wí. "Ẹnì kan ló gbé e wá. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì yè. Mo gbé e lọ kí Màmá bá mi wò ó. Ta ni mo tún mọ̀ tó gbẹ̀bí? Mo kan ilẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tó dáhùn, mo padà."

"Ẹ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá, mo lè ṣagídí, èmi kì í jalè. Màmá ti lé mi nígbà méje lórí àwọn ọmọ yẹn. Ó ní kò sí èyí tó máa jáde kó tó lè jẹ ìrẹ̀ fúnra rẹ̀ dáadáa, àti pé òun máa wá wo ilé ẹni tó bá fẹ́ mú un. Bí mo bá jí i, ta ni mo máa tà á fún tí Màmá kò ní gbọ́?"

Òótọ́ wà níbẹ̀. Afarabalẹ̀ sì tún rò ó: olè tó fẹ́ tà á ì bá gbé odindi àpótí náà lọ, nítorí inú àpótí ni ẹ̀mí wọn wà. Ọ̀tá ì bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni yìí ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé àpótí padà, ó fi ohun ìwọn-ooru sípò. Ó mọ ohun tó ń ṣe, kò sì fẹ́ kí wọ́n bẹ́ níbẹ̀.

Ó ti ń lọ nígbà tí Ọlọ́sìn tún sọ̀rọ̀. "Èèyàn ń rí nǹkan nínú iṣẹ́ yìí ṣá. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ Màmá wá síbí. Àǹtí Olóògùn. Ó ní kí n bá òun wá akọ alágẹmọ àgbàlagbà kan, tí orí ìrù rẹ̀ gé. Mo ní, Àǹtí, ta ló ń ra èyí tó gé? Ó ní òun ni. Mo wá a tì."

Afarabalẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Orí ìrù rẹ̀ gé."

"Bẹ́ẹ̀ ló wí. Ìrù alágẹmọ kì í sì í hù padà bíi ti ọmọńlé."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ya àwọn mẹ́ta yẹn sọ́tọ̀. Ẹ kó abọ́ yẹn dànù, orí ewé ni kí ẹ máa wọ́n omi sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lá a."

"Háà! Wákàtí méjì péré lẹ lò lọ́hùn-ún, ẹ ti di Màmá."

*

Fọ́tò kan wà lára ògiri nínú yàrá àwọn alágẹmọ. Tíṣà jókòó, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, Arúgbó sì dúró lórí apá rẹ̀. Ìrù rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kò parí; ó gé síbi tó yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́.

"Fèrèsé ló gé e," Màmá wí. "Tíṣà sunkún lọ́jọ́ náà, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Afarabalẹ̀ lọ síwájú àgò kẹrin. Ẹranko tó wà níbẹ̀ gbé ojú kan sókè wò ó. Ó tóbi, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti inú fọ́tò. Ìrù rẹ̀ ká dé orí, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí ibì kan tó gé.

Ó mọ̀ báyìí pé ẹranko mìíràn ni Màmá ń pè ní Arúgbó.

"Màmá, ta ló wà nínú àgò kìíní tẹ́lẹ̀?"

"Àkọ́bí. Ọmọ Arúgbó àti Ìyàwó ni, nínú ẹyin àkọ́kọ́. Ó kú ní oṣù tó kọjá. Mo wà ní ilé ìwòsàn, ọmọ mi ló bá a. Ó ti sin ín kí n tó dé."

"Ẹ kì í gbé wọn sọ́wọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ gbé wọn sọ́wọ́ ṣe? Wọn ò fẹ́ ọwọ́. Mo ń fún wọn ní ìrẹ̀ àti omi, mo ń kí wọn, ó parí."

Afarabalẹ̀ ní kí Màmá fún òun ní ìwé tó ń kọ nǹkan sí. Lẹ́tà ńláńlá ni Màmá fi ń kọ ọ́, nítorí ojú rẹ̀. Etí ojú ìwé kan ti ká.

"Ẹ̀yin lẹ ká a?"

"Èmi? Tíṣà kì í gbà kí wọ́n ká etí ìwé. Mi ò ká a."

Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. *Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Mo gbé Ìyàwó lọ sọ́dọ̀ akọ tó wà ní àgò kẹrin. Ó dúdú, ó ya ẹnu, ó ń mì. Mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọ̀sán. Mo bá wọn ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.* Lábẹ́ rẹ̀: *Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin. Ẹyin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọlọ́run ṣeun.*

"Àwọn ìwé Tíṣà ńkọ́?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Mi ò tíì ṣí i láti ọjọ́ náà. Ìkọ̀wé rẹ̀ wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ṣí i. Èmi ni."

Ìwé náà mọ́, ìlà rẹ̀ tọ́. Èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ wà ní ọjọ́ márùn-ún kí Tíṣà tó kú. Afarabalẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka ka nǹkan lára ọwọ́ rẹ̀, ó tún un kà.

"Màmá, láti ọjọ́ tí akọ bá gun abo, ó tó ọjọ́ mélòó kó tó yé ẹyin?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Kò lè dín ní mẹ́ta."

"Bí ó bá ti lóyún, tí wọ́n wá gbé akọ mìíràn bá a ńkọ́?"

"Á dúdú. Á ya ẹnu sí i, á máa mì, á lé e dànù." Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ bo ẹnu rẹ̀. "Kí ló dé tí o fi béèrè?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ gbé ẹyin yín wá."

*

Kò sí ènìyàn púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn náà. Afarabalẹ̀ dúró títí obìnrin oníkọ́ kan fi gba oògùn rẹ̀ tó sì lọ. Ó wá fi ara ti káńtà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún.

"Arúgbó ló kú ní oṣù tó kọjá," ó wí jẹ́jẹ́. "Àkọ́bí kọ́."

Àǹtí Olóògùn kò sẹ́. Ó kàn jókòó, bí ẹni tó ti ń dúró fún àga láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ìwọ àti Tíṣà lẹ jọ pààrọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Arúgbó lọ sí àgò kìíní létí fèrèsé, ọmọ rẹ̀ bọ́ sí àgò kẹrin. Màmá kò mọ̀. Ojú rẹ̀ kò sì jẹ́ kó rí i."

"Mo rò pé Bàbá ti sọ fún un. Nígbà tí mo wá gbọ́ tó ń kí Àkọ́bí ní Arúgbó, a ti sìnkú tán. Mo ní kí n sọ ọ́ lọ́la. Lọ́la, mo tún ní lọ́la. Nígbà tí Arúgbó wá kú, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo wá èyí tó jọ ọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́sìn, mi ò rí. Ohun tó ń mú un dìde láàárọ̀ nìyẹn, sà. Á lọ síwájú àgò náà, á ní, 'Arúgbó, èmi àti ìwọ ló kù.'"

"O wá ka ìwé rẹ̀."

"Ní ọjọ́ tí mo sin Arúgbó ni mo kà á. Mo rí i pé ó gbé ìyá fún ọmọ." Ó bo ojú. "Bàbá mi ń wàásù rẹ̀ títí ó fi kú: a kì í mú ìyá fún ọmọ nítorí kí ẹyin ṣáà lè wà. Ó ní àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jáde láìlágbára, ẹsẹ̀ wọn lè wọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ tuntun. Á ka ìwé náà, á wo ìrù tó wà ní àgò kẹrin, á sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gba ìwé àṣẹ. Lánàá, mo rí i pé ẹyin ti ń làágùn. Mo ní kí n kó wọn, kó rò pé olè ni. Mi ò mọ̀ pé ó máa pe ọlọ́pàá."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Ó wo fìríìjì ńlá tí wọ́n fi ń pa oògùn dídì mọ́. Afarabalẹ̀ náà wò ó.

"Ẹyin tí kò yẹ kó bẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn," obìnrin náà wí. "Òtútù á jẹ́ kí wọ́n sùn lọ. Bàbá mi náà ti ṣe é rí. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àárọ̀."

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Mo tún pa á dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ káńtà. Páálí oògùn kan ló wà níbẹ̀, òwú tútù kún inú rẹ̀. Ẹyin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sùn sórí òwú náà, funfun, omi tíntìntín lára wọn. Àmì pẹ́ńsùlù kọ̀ọ̀kan wà lókè. Ẹni tó fẹ́ pa wọ́n kò jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo dojú dé.

Afarabalẹ̀ yọ ìwé Tíṣà láti inú àpò rẹ̀, ó ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn. "Kà á sókè fún mi. Ojú mi náà ti ń rẹ̀."

Ó rí ìkọ̀wé bàbá rẹ̀, ó sì kà á. "*Ọjọ́ kejì oṣù kẹta. Arúgbó gun Ìyàwó láàárọ̀, lẹ́yìn ọdún méjì tó ti sinmi. Mo rò pé èyí ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin. Mo gbé Arúgbó lọ sí àgò kìíní kí ó máa yá oòrùn, Àkọ́bí bọ́ sí ìkẹrin. Ọmọ mi ló bá mi gbé e. Kí n rántí sọ fún ìyá rẹ̀.*"

"Ka ọjọ́ fún mi. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹta sí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin."

Ó kà á sábẹ́ ètè. "Ọjọ́ márùndínlógójì."

"Láti ọjọ́ tí Màmá gbé e lọ bá Àkọ́bí ńkọ́?"

"Mẹ́wàá." Ó tún un sọ. "Ọjọ́ mẹ́wàá péré. Kò lè ṣeé ṣe. Ó ti lóyún tẹ́lẹ̀. Ìdí tó fi dúdú nìyẹn, ó ń lé Àkọ́bí ni!"

"Agbẹ̀bí ni ìyá rẹ, kò ka ọjọ́. Apòògùn ni ọ́, tó ń ka hóró oògùn látàárọ̀ dalẹ́, o kò ka ọjọ́. Kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ nínú ilé yín ní oṣù yẹn. Mo mọ bó ṣe máa ń rí."

Obìnrin náà ti gbé orí lé káńtà. Ó ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń sunkún. Kò dá Afarabalẹ̀ lójú, kò sì béèrè. Ohun tó dá a lójú ni pé lára ẹyin kan ní igun páálí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti là, bí ẹni fi abẹ ṣí i.

"Gbé wọn," ó wí. "Èmi ni mo máa ṣí ilẹ̀kùn."

*

Màmá Agbẹ̀bí fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, bí ó ṣe ń ṣe ní ilé ìwòsàn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi síbí dá àwọn ẹyin padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú ibi tó ti sùn. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀: àgò tí wọ́n pààrọ̀, òkú tó sin, ìwé tó kà, fìríìjì. Màmá kò dá a dúró. Nígbà tó dé ibi tí Arúgbó kú, síbí dúró díẹ̀ lókè àpótí, lẹ́yìn náà ó tún ń bá iṣẹ́ lọ.

Afarabalẹ̀ dúró létí ilẹ̀kùn, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni kí n kọ fún wọn ní àgọ́, Màmá?"

"Kọ pé a rí wọn." Kò gbé ojú sókè. "Ti aṣojú ìjọba, èmi ni mo máa ka ìwé Tíṣà fún un lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá fẹ́ gba àṣẹ lẹ́yìn ìyẹn, kó gbà á." Ó wá yí sí ọmọ rẹ̀. "Ọjọ́ mélòó ni mo ti ń kí ọmọ ní orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá ti kú?"

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì."

"O ti wá ń ka ọjọ́."

"Ẹ bú mi, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àwọ̀ wo ló ní nígbà tó ń lọ?"

Àǹtí Olóògùn nu ojú. "Àwọ̀ ewé tuntun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Bí ìgbà tí wọ́n bá sùn."

"Ṣé ó jìyà?"

"Rárá. Orí ẹ̀ka tó wà lójú oòrùn ló wà. Ó ṣáà tú ọwọ́ kan sílẹ̀, ó tún tú èkejì. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

Màmá gbé síbí sílẹ̀. Ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ rí, ó dì í mú. "Ìwọ nìkan lo sin ín, ìwọ nìkan lo gbé e kiri fún ọjọ́ mọ́kàndínlógójì, nítorí kí n má baà sunkún. Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lè sunkún? Ojú mi ló ń ṣú, ọkàn mi kò ṣú. Ìgbà mìíràn, pè mí. Kí àwa méjèèjì jọ jókòó tì í."

"Mo gbọ́, Màmá."

Nínú àpótí, èèpo kan là sí méjì. Imú kékeré kan yọ, lẹ́yìn náà ojú kan, tó yí lọ sókè, tó yí lọ sísàlẹ̀, tó wá dúró sára àwọn méjèèjì. Ọwọ́ Àǹtí Olóògùn fò síwájú.

"Má fà á," Màmá wí. "A kì í fà á. Fún un láyè, á jáde fúnra rẹ̀." Ó tẹ́tí sílẹ̀, bí ẹni ń gbọ́ nǹkan tí ojú kò rí. "Sún mọ́ mi dáadáa. Sọ ohun tí o bá ń rí fún mi, má fo nǹkan kan."

"Ó ti yọ apá kan," ọmọ rẹ̀ wí.